Ìwọ̀n Ara Mi Ni Mo Kọ Sábẹ́ Orúkọ Waliyah

Tí ẹ bá yà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Agric, ẹ ó fẹ́ràn mi. Mo máa ń ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín, aṣọ tí mo bá sì rán kì í fún oníbàárà lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ èyí, kí ó má jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn lẹ ti máa gbọ́ irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Ìbíjọkẹ́ lorúkọ mi. Ìrágbìjí làwọn òbí mi ti wá sí Ìkòròdú, ilé tí wọ́n háyà ni wọ́n sì bí mi sí. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi ló ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Mo kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Kóòṣì Adélàjà ló wá tún ṣòkòtò lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan, tó wo apá mi títí.

Ó ní, "Apá yìí ò tọ́ sí máṣínì nìkan o."

Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sá eré ọlọ́nà jíjìn nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rí ní ọsibítù. Táyà mẹ́ta ló ní, ńlá méjì lẹ́yìn, kékeré kan níwájú réré. A máa ń ká ẹsẹ̀ sábẹ́ nínú rẹ̀ bí ẹni tó kúnlẹ̀, a ó wọ ìbọ̀wọ́ líle, a ó sì máa fi ẹ̀ṣẹ́ gbá táyà lọ fún kìlómítà méjìlélógójì. Ẹni tí kò bá lágídí kò lè ṣe é.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Waliyah. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ìyá rẹ̀, Alhaja Kúbúrátù, ń yan ẹja tà ní Ọjà Olúwo. Típà tó kó yanrìn ló gbá Waliyah lórí ọ̀kadà lọ́nà Ìtóìkín nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Tí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gún un nítan, á ṣì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ni.

Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò lágbára lóòótọ́, àmọ́ bí eṣinṣin bá bà lé e, mo mọ̀.

Nítorí ìyàtọ̀ yìí, òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa. Lẹ́yìn eré, ẹni tó ń mọ nǹkan lára á bá ẹni tí kò mọ̀ wo ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé ìdí. Tí a bá rí ibi tó pọ́n, onítọ̀hún ò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ mọ́ títí á fi lọ, torí irú ojú pupa bẹ́ẹ̀ ló ń di egbò, egbò náà ló sì ń pa ènìyàn. Èmi ni mo ń wo ara Waliyah. Ojú mi ló fi ń rí ẹ̀yìn ara rẹ̀.

A wá di kòríkòsùn. Láràárọ̀ Sátidé, bọ́ọ̀sì Kóòṣì á já wa sí Ìtóìkín, a ó sì sá a lọ sí ọ̀nà Àgbọ̀wà. Ọ̀kan á ṣáájú, á máa gba atẹ́gùn sáyà, èkejì á sá sẹ́yìn rẹ̀ kó lè sinmi díẹ̀, lẹ́yìn kìlómítà kan a ó pààrọ̀. Waliyah kì í rẹ́ mi jẹ. Nígbà míì á ṣáájú fún kìlómítà méjì gbáko, á pariwo sẹ́yìn pé, "Sinmi, Ìbí, mo ṣì lágbára!"

Irú ẹni tí mo dà nìyẹn.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan láti òkè òkun ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn á fún wa ní kẹ̀kẹ́ tuntun kan ṣoṣo. Àlòkù ni gbogbo èyí tí à ń gùn, a fi fóòmù àti àkísà dí àyè inú rẹ̀ kí ara wa má baà máa jó nínú rẹ̀. Ti tuntun yìí yàtọ̀. Wọ́n á gé e mọ́ ara ẹnì kan bí télọ̀ ṣe ń gé aṣọ mọ́ ara ìyàwó, kò sì ní gba ẹlòmíràn.

Kóòṣì ní kí àwa obìnrin inú ẹgbẹ́ sá eré kí a mọ ẹni tó yẹ. Waliyah ló gbégbá orókè. Èmi ni mo ṣe ìkejì. Mo gbá a mọ́ra, mo kí i kú oríire, inú mi sì korò bí ewúro.

Kóòṣì fi fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

"Ìbíjọkẹ́, ìwọ ni télọ̀ wa. Mo ti kọ orúkọ Waliyah sínú fọ́ọ̀mù, ìwọ̀n ara ẹ̀ ló kù. Wọ̀n ọ́n dáadáa, kí o kọ ọ́ síbẹ̀, kí o fi ránṣẹ́."

Mo wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo wọn ejìká, mo wọn itan. Mo fi rúlà pákó méjì há ìbàdí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, mo wọn àárín wọn. Íǹṣì mẹ́rìnlá ààbọ̀.

"Ṣé kò tóbi jù?" Waliyah ń rẹ́rìn-ín.

"Ìdí ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni," mo dá a lóhùn. "Ẹja ló kún ibẹ̀."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú wa. Lẹ́yìn náà ló lọ, ó ku èmi àti fọ́ọ̀mù.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò ní parọ́ mọ́ èṣù. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ sí mi létí. Èmi ni mo ń dá bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní, ta ló kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ yìí? Èmi. Ta ni kò ní ìyá tó ń yan ẹja fún un jẹ? Èmi. Tí kẹ̀kẹ́ bá dé tí kò gba Waliyah, ta ni Kóòṣì máa gbé e fún? Ẹni tó ṣe ìkejì ni. Wọ́n á ní àwọn òyìnbó ló ṣì í gé, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kú.

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí o. Mo ní kò sẹ́ni tó máa kú.

Mo gbé rúlà méjèèjì há ìbàdí ara mi. Íǹṣì méjìlá ààbọ̀. Mo kọ ọ́. Mo kọ gbogbo ìwọ̀n ara mi sábẹ́ orúkọ Waliyah, mo fi ránṣẹ́, mo sì fa ojú ewé tí mo kọ tirẹ̀ sí ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo wá padà sídìí aṣọ tí mo ń rán. 

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, kẹ̀kẹ́ dé sí ilé Kóòṣì. Pupa ni, ó ń dán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá. A gbé Waliyah lé e. Ìbàdí rẹ̀ jókòó sórí irin, ó kọ̀ láti wọlé.

Kóòṣì yíjú sí mi. "Ṣé o wọ̀n ọ́n dáadáa ṣá?"

"Mo wọ̀n ọ́n, sà. Àmọ́ oṣù márùn-ún nìyẹn. Ẹ wò ó fúnra yín, ṣé bó ṣe wà nígbà yẹn ló ṣe wà báyìí?"

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi! Waliyah ò fi nǹkan kan sanra. Àmọ́ ẹ sọ fún obìnrin lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ó ti sanra, kí ẹ wò ó bóyá á jiyàn. Waliyah wo ara rẹ̀, ojú tì í.

Ó ní, "Ẹja màámi ni. Ẹ jọ̀ọ́, Kóòṣì, ẹ má tíì gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ fún mi ní oṣù kan péré. Mo máa rù."

Mi ò rò ó débẹ̀ yẹn. Mo ti rò pé lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n á ní kí n bọ́ sínú rẹ̀ wò.

Kóòṣì ní, "Ó dáa, gbìyànjú. Eré ńlá ti Èkó ṣì ku oṣù mẹ́ta. Àmọ́ tí kẹ̀kẹ́ yìí bá fi lè dá ojú pupa kan sí ẹ lára, mo máa dá a padà, kí àwọn tó ṣe é wá wọ̀n yín fúnra wọn."

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn wọ̀ mí lára. Tí wọ́n bá wá wọ̀n wá, àṣírí tú nìyẹn.

Waliyah bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ti ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà. Nígbà tó yá, ó di ojoojúmọ́. Tó bá ṣínu, dàbínù mẹ́ta àti omi ni. Ọrùn rẹ̀ tínrín, ojú rẹ̀ wọnú.

Alhaja Kúbúrátù pè mí. "Ìbíjọkẹ́ ọmọ mi, ọ̀rẹ́ ẹ ò jẹun mọ́. Bá mi bá a sọ̀rọ̀, ìwọ ló máa ń gbọ́ sí lẹ́nu."

"Ẹ má ṣèyọnu, Alhaja. Mo máa bá a sọ ọ́."

Mo pe Waliyah lóòótọ́. Ohun tí mo bi í ni pé, "Ó ti ń wọlé?"

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ wọ inú irin bí ẹni ń ti ìrọ̀rí ńlá bọ àpò kékeré. Ó há lọ́tùn-ún, ó há lósì. Bó bá jẹ́ èmi ni, mo ti ké. Waliyah pàtẹ́wọ́.

"Alhamdulillahi! Ìbí, mo wọlé!"

Ní Sátidé kejì tó ti ń gùn ún, a parí eré ní Àgbọ̀wà. Mo ń bá a pa aṣọ dà nínú bọ́ọ̀sì, mo sì rí i. Ojú pupa kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀, lórí egungun gan-an, kò ju kọ́bọ̀ lọ. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Pípọ́n rẹ̀ ò lọ.

"Kí ló wà níbẹ̀?" Waliyah béèrè. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ. Tí mo bá ní, "Ó ti pọ́n," Kóòṣì á dá kẹ̀kẹ́ padà, ara ọ̀rẹ́ mi á sì san láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ á wá pẹ̀lú tẹ́èpù tiwọn, gbogbo Ìkòròdú á sì mọ̀ mí lólè.

Mo ní, "Ooru ni. Fi pọ́dà sí i."

"O ṣeun, Ìbí."

Ọ̀sẹ̀ kejì, ojú pupa náà ti bó. Mo tún ní ooru ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó rí i. Mo ní kó fi òróró sí i. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí a ṣe kọjá ibùdókọ̀ Àgbọ̀wà, tí èmi wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń gba atẹ́gùn fún mi, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà rọra yà sínú koríko. Nígbà tí mo débẹ̀, ara rẹ̀ gbóná janjan, kò sì mọ ẹni tí mo jẹ́.

Dókítà ní egbò náà ti jẹ dé egungun, ó sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gé ẹran kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù márùn-ún ló fi dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní tó bá tún jókòó sínú kẹ̀kẹ́ eré láyé rẹ̀, ikú ló ń wá.

Kóòṣì dúró tì mí ní ọsibítù. "Ta ló ń wo ara ẹ̀?"

"Èmi ni, sà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Waliyah gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹyẹ lọ. "Kóòṣì, ẹ má bá Ìbí wí. Ìbí ń wò mí dáadáa. Èmi ni mo fi ipá ti ara mi wọ̀ ọ́. Ọ̀kánjúwà oúnjẹ mi ló fà á."

Mo sá jáde.

Ṣé ẹ rò pé mo wá jẹ́wọ́? Ó tì o. Nígbà tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ pupa náà fún mi, mo bọ́ sínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kóòṣì ya ẹnu. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ yìí bá ẹ mu o, bí ẹni pé ìwọ ni wọ́n ṣe é fún!" Mo ní Ọlọ́run ló mọ ọ̀nà rẹ̀.

Mo gbégbá orókè ní Èkó lọ́dún náà. Mo gbà á lọ́dún kejì. Wọ́n gbé mi lọ sí òkè òkun lẹ́ẹ̀mẹta, mo ṣe ìkẹta níbì kan, wọ́n fi mí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Lálẹ́ ọjọ́ tí eré bá ku ọ̀la, Waliyah á fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Ìbí, má tètè lo agbára ẹ. Jẹ́ kí wọ́n ṣáájú, ìwọ sinmi lẹ́yìn wọn." Nígbà tó lè jókòó, ó padà sí ẹgbẹ́, ó ń di aago mú fún wa. Bí mo bá ti gba àmì ẹ̀yẹ, òun ló ń kọ́kọ́ ké. Mo ń jẹun, kò sí adùn níbẹ̀. Mo ń sùn, ara mi ń gbóná.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Irin kẹ̀kẹ́ pupa sán. Ẹgbẹ́ aláàánú náà ní àwọn á ṣe tuntun fún mi, àti pé àwọn ò gba fọ́ọ̀mù mọ́. Òṣìṣẹ́ wọn kan, Ọ̀gbẹ́ni Ọláòtán, ló wá wọ̀n mí nílé Kóòṣì láàárọ̀ Sátidé kan. Waliyah wà níbẹ̀. Alhaja Kúbúrátù náà wá, ó gbé ẹja yíyan wá láti Olúwo fún àlejò, ó ní òun fẹ́ bá mi yọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláòtán wo nọ́ńbà tó wà lára irin kẹ̀kẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ̀n mí. Bó ṣe ń wọ̀n ni ẹ̀rín ń gba ẹnu rẹ̀.

"Ara yín ò yí padà rárá, Waliyah! Méjìlá ààbọ̀ nígbà yẹn, méjìlá ààbọ̀ lónìí. Itan, ejìká, gbogbo ẹ̀ ló bára mu."

Waliyah bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, èmi ni Waliyah o. Ìbíjọkẹ́ nìyẹn."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wò mí, ó wo kọ̀ǹpútà. "Waliyah ló wà níbí. Kẹ̀kẹ́ Waliyah, ìwọ̀n Waliyah. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé ara tiyín ni mo ti bá a?"

Mo ní, "Mo... bóyá mo ṣi ìwé wò. Àwọn oníbàárà pọ̀ lọ́jọ́ náà."

Kóòṣì ka ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

Waliyah gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ wọ̀n mí."

"Waliyah," mo ní, "jẹ́ ká..."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n mí."

Ọkùnrin náà wọ̀n ọ́n. Ẹ rántí pé Waliyah ti gbẹ lẹ́yìn àìsàn yẹn, gbogbo aṣọ rẹ̀ ni mo ti bá a dín kù. Ọ̀gbẹ́ni Ọláòtán wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

"Mẹ́rìnlá. Ó lé díẹ̀."

"Bí mo ṣe rù tó yìí?"

"Egungun ni, ẹ̀gbọ́n mi. Egungun kì í rù. Bí ẹ gbààwẹ̀ ọdún mẹ́wàá, ẹ ò lè wọ méjìlá ààbọ̀ kí irin má jẹ yín lára."

"Ṣùbúhánallàhi," Alhaja Kúbúrátù ní. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lérí.

Waliyah yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ mi títí orúnkún wa fi kan ara wọn. Mo mọ̀ ọ́n lára. Òun ò mọ̀ ọ́n.

"Ìbí. Ọjọ́ tí mo ní kí o bá mi wo ara mi nínú bọ́ọ̀sì, tí o ní ooru ni. Ṣé o mọ̀?"

Irọ́ méjì ti dé ẹnu mi. Mo gbé wọn mì.

"Mo mọ̀."

Kò ké, kò bú mi. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Kóòṣì kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ eré lọ́jọ́ náà. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n gba gbogbo àmì ẹ̀yẹ. Kóòṣì fúnra rẹ̀ ló ru kẹ̀kẹ́ pupa wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé e kalẹ̀ láàárín àwọn oníbàárà. Ó ní, "Kò gba ẹlòmíràn. Máa wò ó." Láti ìgbà náà, kò tíì kí mi.

Ní oṣù kejì, ìyá mi àti àgbà méjì láti ìlú wa tẹ̀ lé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ bẹ̀bẹ̀. A bá Alhaja Kúbúrátù nídìí iná, ó ń yí ẹja. Èmi ò lè kúnlẹ̀, nítorí náà ìyá mi tú gèlè, ó kúnlẹ̀ sínú eérú.

Alhaja fà á dìde. "Ẹ dìde, ìyá. Àwa méjèèjì la jìyà ọmọ, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí. Mo ti fi tèmi jì í nítorí Ọlọ́run. Àmọ́ ara mi kọ́ ni wọ́n ti gé ẹran."

Waliyah wà níbẹ̀, ó ń to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀. Ó kí àwọn àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ń to ẹja rẹ̀ lọ. Nígbà tí a ti yíjú láti máa lọ ló pè mí.

"Ìbíjọkẹ́."

Kò pè mí ní Ìbí.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi bínú sí ara mi. Mo máa ń jí, mo máa ń bú ara mi ní alájẹkì. Màámi á gbé oúnjẹ wá, mi ò ní lè wò ó. Ọdún mẹ́ta, ara mi tí kò ṣẹ̀ ni mo ń bá jà." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Ìwọ náà, fún mi ní ọdún mẹ́ta kí n fi bínú sí ẹ. Má pè mí, má rán ẹnikẹ́ni. Tó bá pé, kí o dá wá."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mi ò ní ìmọ̀ràn ńlá fún yín. Ẹni tí kò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀, tó wá ní kí ẹ bá òun wò ó, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi ló sì fi ara rẹ̀ san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ti lọ nínú mẹ́ta náà. Mi ò tíì pè é, mi ò sì rán ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí ẹ̀mí àwa méjèèjì dé ibẹ̀.